Áńpù Tó Ń Pa Ara Rẹ̀

Iná pupa tún tàn lára áńpù náà, ohùn ìdánwò tó ń dún nínú búùtù ọkọ̀ sì gé lójijì, bí ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ bo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn," ni Àǹtí Tẹ̀júmádé wí. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, nítorí òǹkà tó ń ka ohùn rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ ti pọ́n bí ọsàn. Láti òwúrọ̀ ló ti ń sunkún ìyá rẹ̀, òǹkà ò sì mọ ẹkún yàtọ̀ sí ariwo. "Ó dún díẹ̀, ó kú. A tún tàn án, ó tún kú. Aago mélòó la wà báyìí, Fadérera?"

"Aago kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, mà."

"Aago mẹ́rin la máa gbé Màmá jáde. Wọ́n sì ti rọ ohùn Màmá sínú nǹkan yìí láàárọ̀, kò ṣe é yọ mọ́. Bí kò bá dún, ìyá mi á wọlẹ̀ bí ẹni tí ò lẹ́nu rí láyé."

Fadérera kúnlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ti orí bọ búùtù, ó tẹjú mọ́ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára áńpù náà: òdo, mẹ́rin, ọ̀kan, méje. Ọdún mọ́kànlá ni nọ́ńbà yìí ti ń bá a sùn tó ń bá a jí. Inú áńpù yìí gan-an ni wọ́n rọ ohùn bàbá tirẹ̀ sí lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín.

Ọkùnrin kan ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí Fadérera ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó wọ aṣọ eléérú ti Ilé Ìwọn Ohùn. Olúdọ̀tun Sówándé ni, àbúrò Àǹtí Tẹ̀júmádé, Olórí Ilé Ìwọn fún gbogbo Abẹ́òkúta. Òun ló ń pín ohùn fáráyé: bí o ṣe lè sọ̀rọ̀ sókè tó lóòjọ́, ariwo tí ọmọ rẹ lè pa, iye ìgbà tí o lè rẹ́rìn-ín kí òǹkà tó ta ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó wọlé, ìka ló gbé lé ètè, bí àwọn èèyàn Ilé Ìwọn ṣe máa ń kíni. Òrùka oyè rẹ̀ ń dán lára ìka ọ̀hún.

Ìkíni kan náà ló kí Fadérera lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀. Fadérera ò gbàgbé. Kí n má purọ́ fún yín, kò fẹ́ gbàgbé. Ó kórìíra ọkùnrin náà débi pé bó bá ń jẹun tó sì rántí rẹ̀, á ta abọ́ náà nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ní ìlú tí wọ́n ti ń wọn ohùn fúnni yìí, ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo ni wọn ò gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ikú rẹ bá sún mọ́lé, wàá sọ ohun tó bá wù ọ́, wọ́n á tọ́jú ẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n á rọ ọ́ sínú áńpù, búúfà ńlá á gbé e sókè, ọkọ̀ ohùn á sì gbé e kiri àdúgbò, kò séni tó lè ní kí ó rọra. Ohùn tó wúwo ni búúfà ń mú jáde, èyí tó ń wọni láyà kó tó wọni létí, kí àwọn tó jìnnà náà lè mọ̀ pé èèyàn ń lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún. Bó ṣe ń dún ló ń parẹ́. Ohun tí òkú bá sì sọ nínú rẹ̀, ilé ẹjọ́ gbà á bí ẹ̀rí.

Bàbá Fáṣínà, bàbá Fadérera, fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwọn Ohùn kó tó kú. Ọmọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ wáyà ọkọ̀ tó gbé ohùn rẹ̀. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀, ó ròkè, ó ń ró lára àpáta. "Fadérera ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ìlú mọ̀ nípa Sówándé ni pé..." Pà! Ó gé. Ó gé, kò sì padà mọ́. Sówándé tó dúró ti ọkọ̀ gbé ìka lé ètè, ó wo Fadérera, ó wá yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ má bínú," ló wí. "Bóòtù tó so wáyà ilẹ̀ mọ́ irin ọkọ̀ ni kò le dáadáa. Ọmọ ló pa ohùn bàbá ẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ orúkọ rẹ̀ di Apohùn. Kò sẹ́ni tó tún gbé ọkọ̀ ohùn wá fún un. Fáànù ló ń tún ṣe, àti fìríìjì. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ kò wá mọ́. Èyí tó sì burú jù ni pé òun gan-an ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tó bá dá wà, á máa de bóòtù ọjọ́ náà lọ́kàn, á dè é, á tún dè é, kò ní dá a lójú.

Wọn ì bá máà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí náà. Àwọn alátùn-únṣe méjì ti gbìyànjú títí, ó sú wọn. Àǹtí Tẹ̀júmádé ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, tó ní òun ò bá orúkọ jà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ni òun ń wá. Òun náà ló mú ọkọ̀ tó gbé áńpù 0417 yìí, nítorí kò sí búúfà tó rinlẹ̀ bíi tirẹ̀ nílùú. Kò bi àbúrò rẹ̀ kó tó mú un.

Fadérera gbé tẹ́sítà. Ó kọ́kọ́ wọn iná ní bátìrì: fóòtì mẹ́rìnlá. Ó wọn ọ́n lẹ́nu áńpù: mẹ́sàn-án.

"Háà," ló wí.

"Kí ló dé?" Àǹtí Tẹ̀júmádé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Iná ń jò dànù, mà. Ta ló kun búùtù yìí?"

"Àwa ọmọ ni. Lánàá. A kùn ún ní funfun bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún òkú àgbà."

"Ẹ tú bóòtù yìí kí ẹ tó kùn ún?"

"A tú u, kí ọ̀dà lè dé gbogbo ibẹ̀. A sì dè é padà. Ṣé a ṣe àṣìṣe ni?"

Fadérera fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìfẹ́ kun ọkọ̀ tó máa gbé ohùn ìyá wọn, wọ́n wá de wáyà ilẹ̀ lé orí ọ̀dà. Iná ò rí irin dì mú. Ó mú sáńpépà, ó ha ọ̀dà náà títí irin fi ń dán, ó fi ojú wáyà lé e, ó sì mú sípánà.

Ibẹ̀ ni èrò náà ti wọlé sí i lọ́kàn. Bó bá de bóòtù yìí dé ààbọ̀, á dún nínú ṣọ́ọ̀bù. Á máa dún lọ títí tí ọkọ̀ á fi dé ibi tí òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ á mì, bóòtù á tú, ohùn Ìyá Sówándé á sì gé ní àárín ọ̀rọ̀, lójú gbogbo ìlú, lójú ọmọ rẹ̀. Yíyí kan péré ni. Ara rẹ̀ gbóná. Kò tíì ro èrò kan tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá.

Ó de bóòtù náà dé ààbọ̀, ó dáwọ́ dúró.

Lórí ọkọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tó rí roboto bí ẹyin tòlótòló ń wò ó pẹ̀lú ojú rẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é. Òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ̀ ohùn láìgbé e lé orí ọkọ̀ kó máa ṣọ́ iṣẹ́.

"Àìsàn wo lẹ rí?" ni Ẹlẹ́rìí béèrè.

"Ọ̀dà wà lábẹ́ wáyà ilẹ̀," ni Fadérera wí. "Mo ti ha á kúrò."

"Olóhun, ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Àǹtí Tẹ̀júmádé dáhùn. Òun ni àgbà nínú àwọn ọmọ, òun ni òfin kà sí olóhun.

Fadérera tan áńpù. Ohùn ìdánwò bẹ̀rẹ̀, hùùù, ó wọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó wọ eyín. Fóòtì dúró lórí mẹ́rìnlá. Ìṣẹ́jú kan. Méjì. Sówándé rìn dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó yí padà. Iná pupa tàn. Ohùn gé.

"Ẹ wò ó!" ni Àǹtí Tẹ̀júmádé kígbe, òǹkà sì ta á lọ́wọ́, ó gbọn ọwọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nǹkan yìí ń fẹ́?"

Inú bí Fadérera, ẹ ò ní gbà á gbọ́. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí kú láago mẹ́rin, kò fẹ́ kí ó kú báyìí, níwájú òun, lẹ́yìn tí òun ti wò ó sàn. Ó yọ wáyà búúfà kúrò, bóyá ibì kan ló ń fara kan irin. Áńpù tún kú bẹ́ẹ̀ náà. Kì í ṣe búúfà nìyẹn. Ó wo fíúsì, ó dáa. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn áńpù, kò gbóná rárá. Gbogbo ohun tó ń pa áńpù ló yẹ̀ wò, kò rí ọ̀kan.

Aago méjì lù. Ilé Ìwọn pe Sówándé, ó jáde lọ dá wọn lóhùn lábẹ́ igi lókè ọ̀hún. Fadérera tan áńpù lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jókòó tì í. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mẹ́wàá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Hùùù, kò dáwọ́ dúró. Àǹtí Tẹ̀júmádé ti pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó ń gbàdúrà láìlo ohùn.

Sówándé padà dé. "Ó ti dára?" Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí búùtù.

Iná pupa tàn.

Fadérera ò wo áńpù mọ́. Ọwọ́ ló ń wò, ọwọ́ tó ní òrùka.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ lọ dé ẹnu ọ̀nà."

"Nítorí kí ni?"

"Iṣẹ́ ni, sà."

Ó lọ. Fadérera tan áńpù, ó dún dáadáa.

"Ẹ máa bọ̀, sà."

Ó bọ̀. Nígbà tó ku ìṣísẹ̀ méjì kó dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ohùn gé.

"Dọ̀tun, kí lo gbé sára?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè.

"N kò gbé nǹkan kan." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà. Fadérera rí i pé ohun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, nǹkan tó ti rò pé ó ti kúrò nílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. "Áńpù yìí ti gbó ni. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sin Màmá ní jẹ́jẹ́."

"Ní jẹ́jẹ́ kẹ̀? Màmá mi?"

"Inú rẹ̀ ni àìsàn wà, mà," ni Fadérera wí. "Ó di dandan kí n já èdìdì tí Ilé Ìwọn fi dì í, kí n tú u."

"Bí wọ́n bá já èdìdì, ohùn á bàjẹ́!" ni Sówándé wí.

"Kò lè bàjẹ́, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú òfin pé kò lè bàjẹ́. Tí Ẹlẹ́rìí bá ti wà níbẹ̀, tí olóhun sì gbà."

Sówándé wá dúró sí ibi tí ojú Ẹlẹ́rìí ò dé, ó kẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì la ẹnu láìmú ohùn kankan jáde. Kò sí ọmọ Abẹ́òkúta ayé ìsinsìnyí tí kò lè ka ètè. Ọmọ ọdún mẹ́rin ti mọ̀ ọ́n.

*Má tú u,* ni ètè rẹ̀ wí. *Mo bẹ̀ ọ́. Màá gba orúkọ yẹn kúrò lára ẹ. Màá kéde pé ẹ̀bi ẹ kọ́.*

Fadérera ka á títí dé òpin. Ó tún un kà lọ́kàn. Ẹ̀bi ẹ kọ́.

Ó mọ̀! Ọkùnrin yìí mọ̀! Ọdún mọ́kànlá tí òun fi ń dìde lórí ibùsùn de bóòtù tí kò sí níbẹ̀, ọdún mọ́kànlá tí àwọn ọmọdé ń fi èédú kọ *Apohùn* sára ògiri òun, ó mọ̀. Ó fẹ́ fi sípánà fọ́ ọ lẹ́nu, níbi tó ti ń fi ètè bẹ òun yẹn.

"Àǹtí," ló wí, ó ń wo Sówándé lójú, "ṣé ẹ gbà kí n tú u?"

"Tú u," ni Àǹtí Tẹ̀júmádé dáhùn.

Ó já èdìdì. Ó tú síkúrù mẹ́jọ, ó tò wọ́n sórí aṣọ bí wọ́n ṣe ń jáde. Ó ṣí ìdérí. Eruku ọdún mọ́kànlá wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ ibi tí iná ti ń wọlé, ohun dúdú kan lẹ̀ mọ́ ọn, kò ju èso ẹ̀gúsí lọ, wáyà búlúù méjì sì so ó mọ́ ojú ọ̀nà iná. Fadérera mọ gbogbo ohun tó wà nínú áńpù bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Nǹkan yìí ò sí lára wọn. Ó gé wáyà rẹ̀, ó so ojú ọ̀nà iná pọ̀ bó ṣe yẹ kó rí, ó sì gbé nǹkan náà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Àìsàn wo lẹ rí?" ni Ẹlẹ́rìí béèrè.

"Ohun tó ń gé iná ni," ni Fadérera wí. "Ẹnì kan fi í síbẹ̀ kí ohùn òkú lè gé nígbà tó bá wù ú."

Ojú Ẹlẹ́rìí yí padà, ó di pupa. "Ohun àjèjì. Kò sí nínú ìwé ẹ̀rọ yìí. Ta ló gbé e síbẹ̀? Èdìdì ò ní padé títí tí ẹni tó ṣe é á fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí èdìdì ò bá padé, ohùn ò ní dún."

Aago mẹ́ta ti kọjá.

"Òun ni," ni Sówándé wí kíákíá, ó nawọ́ sí Fadérera. "Òun ló wáyà ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá ẹ̀. Ta ló tún fọwọ́ kàn án? Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Apohùn ni!"

Ìyẹn ló mú sùúrù Fadérera tán. Ó rìn lọ bá a pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní ṣíṣí, nǹkan dúdú náà jókòó sáàárín rẹ̀. Nígbà tó ku ìṣísẹ̀ méjì láàárín wọn, iná pupa tíntín kan tàn lára rẹ̀. Ó padà sẹ́yìn, iná kú. Ó tún súnmọ́ ọn, iná tàn.

"Àǹtí, ẹ bá mi bọ́ òrùka ọwọ́ wọn," ló wí.

Àǹtí Tẹ̀júmádé di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó bọ́ òrùka náà bí ẹni ń bọ́ ọ lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e lọ síbi nǹkan dúdú náà. Iná tàn. Ó gbé e kúrò. Iná kú. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tí kò fẹ́ gbà á gbọ́.

"Lájídé sọ fún mi pé òun ti yọ ọ́," ni Sówándé ń kùn. "Ó ní òun ti yọ ọ́. Irọ́ ló pa. Ó bẹ̀rù àtijá èdìdì lẹ́ẹ̀kejì." Lájídé, alátùn-únṣe Ilé Ìwọn, ti kú láti ọdún méje.

"Dọ̀tun," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "O pa ohùn Bàbá Fáṣínà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ ohun tó fẹ́ sọ nípa mi. Ó fẹ́ bà mí jẹ́ ni."

"Màmá ń dúró. Aago mẹ́rin ń bọ̀. Sọ ọ́ fún Ẹlẹ́rìí, kí ìyá wa lè sọ̀rọ̀."

"Ẹ mọ ohun tí òfin máa ṣe fún mi. Wọ́n á gba ohùn mi. Wọ́n á sin èmi náà ní ìdákẹ́."

"Mo mọ̀." Omijé ń dà lójú Àǹtí Tẹ̀júmádé. "Ìwọ lo kọ òfin náà. Sọ ọ́."

Sówándé wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo áńpù tó ṣí sílẹ̀, ó wo aago. Fadérera ń wò ó bó ṣe ń wá ọ̀nà, tí kò rí. Inú rẹ̀ dùn. Mi ò ní pa á mọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn gidi gan-an.

"Èmi ni," ni Sówándé wí níkẹyìn. "Èmi Olúdọ̀tun Sówándé ni mo ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Ọmọ Fáṣínà ò mọ̀ sí i."

Fadérera kígbe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀, igbe lásán ni, igbe tó ti wà níkùn rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Òǹkà ta á lọ́wọ́, ó tún ta á, ó jó awọ ọwọ́ rẹ̀, kò sì dáwọ́ igbe dúró títí tó fi tán nínú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti yọjú láti ojú fèrèsé. Kò sí ẹni tó rí irú ẹ̀ rí.

"Mo gbọ́," ni Àǹtí Tẹ̀júmádé sọ fún Ẹlẹ́rìí, nítorí ó di dandan kí ó sọ ọ́. Èdìdì padé.

Ọkọ̀ Ilé Ẹjọ́ tí Ẹlẹ́rìí pè dé láìpẹ́. Kò ní awakọ̀, kò sì ní ìró kankan. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀ níwájú Sówándé, ó wọlé, ilẹ̀kùn sì tì. Dígí rẹ̀ nípọn tó ìka méjì. Ohun tó wà níta ò lè wọlé, ohun tó wà nínú ò lè jáde.

Fadérera padà sẹ́yìn búùtù. Ó mú sípánà. Ó rántí bóòtù tó dè dé ààbọ̀, ojú sì tì í díẹ̀, nítorí obìnrin tó kú náà ò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Ó de bóòtù náà títí tí kò fi lọ mọ́. Ó fọwọ́ mì ín, kò mì. Ó tún mì ín. Ó dá a lójú.

Wọ́n gbé Ìyá Sówándé jáde láago mẹ́rin. Àwọn èèyàn ti kún ojú ọ̀nà, ọkọ̀ Ilé Ẹjọ́ sì ti tẹ̀lé wọn dé ibẹ̀. Fadérera gbé ìka lé ibi tí wọ́n ti ń tan ohùn. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Ilé Ẹjọ́ ti bá a sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ kékeré tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a sọ dígí kalẹ̀ kó lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ẹni tí a ṣẹ̀ ló ni àṣẹ. Fadérera Fáṣínà, ṣé ẹ gbà tàbí ẹ kọ̀?"

Gbogbo ojú yí sí i. Àǹtí Tẹ̀júmádé ò bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń wò ó. Sówándé ti fi iwájú orí lé dígí, ó fọwọ́ sí etí, ó ń mi orí bí ọmọ tó ń tọrọ omi. Ó rọrùn. Ọ̀rọ̀ kan péré. Fadérera rántí ohùn bàbá rẹ̀: *Ohun tí mo fẹ́ kí ìlú mọ̀ nípa Sówándé ni pé.* Ni pé kí ni? Kò sí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n láéláé.

"Mo kọ̀," ló wí.

Ó tẹ ẹ́.

Ohùn ìyá arúgbó náà jáde, ó wúwo, ó dùn, ó wọ ilẹ̀, ó wọ àpáta. Kò gé. Ó kí àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Tẹ̀júmádé fún omi gbígbóná òwúrọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Dọ̀tun, ọmọ mi. Mi ò sọ ọ́ rí nítorí àwọn yòókù. Ìwọ ni mo fẹ́ràn jù. Ohunkóhun tó wù kí o ti ṣe, máa bọ̀ wálé."

Àwọn èèyàn yíjú sí dígí. Nínú ọkọ̀, Sówándé ti fi àtẹ́lẹwọ́ lé àyà. Búúfà náà ti bá a níbẹ̀, ó ń mì í láyà, hùùù, hùùù. Ó mọ̀ pé ìyá òun ń sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.

Ó fojú wá Fadérera láàárín èrò. Ètè rẹ̀ ń yí kíákíá, Fadérera sì ka gbogbo rẹ̀. *Kí ni wọ́n sọ? Mo bẹ̀ ọ́. Kí ni wọ́n sọ nípa mi?*

Fadérera gbé ìka kan lé ètè.